Kì Í Ṣe Sàfúrà Ló Fún Rájí Ní Májèlé

Ara mi le koko, àmọ́ àrùn tó lè ran ẹlòmíràn wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ọdún méjì ni mo fi pa á mọ́. Obìnrin aláìṣẹ̀ kan ló ń jìyà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Onígbàjámọ̀ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Lọ́dún tí àwọn sójà gba ìjọba padà, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi ní Ìbàdàn, mo sì lọ fún un lẹ́jẹ̀. Wọn ò gbà á. Dókítà ní, "Baba, kòkòrò ibà pọ́njú wà lára yín. Kò ṣe yín ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yín ò gbọdọ̀ kan ẹlòmíràn."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mi ò mọ orí fífọ́! Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, a máa ń kọ́kọ́ dán abẹ wò lápá ara wa ni, kí oníbàárà lè rí i pé ó mú. Nígbà mìíràn, á gé mi. Màá fi aṣọ nù ún, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fárí.

Rájí ahunṣọ, ọ̀rẹ́ mi, máa ń fárí lọ́dọ̀ mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ nítorí Jímọ̀. Lọ́jọ́ kan, abẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé mi lápá gé òun náà. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ó sì dùbúlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní Sàfúrà, ìyàwó kejì tí Rájí fẹ́, ló fi májèlé sínú ọbẹ̀ rẹ̀. "Kó ẹrù ẹ, apànìyàn!" Wọ́n lé e lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Òtu. Ara Rájí padà yá, àmọ́ wọn ò pe Sàfúrà padà. Mo wà níbẹ̀. Mo mọ̀. Mi ò lanu.

Mi ò ní tọrọ àforíjì nítorí àrùn. Mi ò rà á lọ́jà. Ẹnu tí mo pa mọ́ nìkan ni ẹ̀bi mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé Sàfúrà ní Òtu. Ó ní, "Bàbá Jẹlílì, ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹun nílé wa, ṣé ọbẹ̀ mi pa yín?" Ọ̀dọ̀ dókítà ìjọba ní Ìsẹ́yìn ni mo gbà lọ, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀, Rájí tàbí Sàfúrà? Dókítà ní kí n má fọwọ́ kan abẹ mọ́. Ó ní òun máa gba ẹ̀jẹ̀ Rájí lọ́jọ́ Ajé: "Bí àmì kòkòrò náà bá wà níbẹ̀, màá sọ fún ìyá rẹ̀ lójú gbogbo agbo ilé pé kì í ṣe májèlé. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ Àìkú."