Okùn Alágbàfọ̀

Ẹ dáwọ́ àtẹ́wọ́ yẹn dúró ná. Ẹ ti yìn mí tán, ó wá kù kí n sọ irú ẹni tí ẹ ń yìn fún yín. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì mi yìí gan-an lọjọ́ náà bọ́ sí. Okùn tí ẹ ta yí gbọ̀ngàn yìí ká, tí ẹ fi péègì há ìwé ìyìn mọ́, ẹ ní èmi ni mo mú un wọ ilé-ìwé yìí. Irọ́ ni. Mo jí i ni.

Ẹ̀yin àgbà olùkọ́ tí ẹ jókòó níwájú, ẹ má wolẹ̀. Ẹ rántí olùkọ́ tí à ń pè ní Alágbàfọ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ẹ̀yin lẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èmi ń pe àròkọ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì há a sórí, òun kó àlùmọ́gàjí, péègì àti okùn ìsáṣọ wọ kíláàsì tirẹ̀. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn kan, kó gé e, kó jù ú sínú àpò láìkọ orúkọ. Wọ́n á wá máa fà á yọ. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá mú, wàá kà á sókè, wàá há a síbi tó yẹ lórí okùn, àwọn yòókù á bá ọ jiyàn títí àròkọ á fi tò. Òfin kan ló wà níbẹ̀: wọn kì í fo gbólóhùn ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ṣé kíláàsì nìyí àbí ibi ìsáṣọ?" Síbẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì tèmi ń yọjú lójú fèrèsé rẹ̀, ìlara sì ń jẹ mí. Èmi olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, tí mi ò kọ gbólóhùn kan tó jẹ́ tèmi láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀, Adákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ìdí okùn yẹn la ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn òbí wá wòran ni mo yàn láti dójú ti Alágbàfọ̀. Mo fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ pé oorun nìkan ni ọ̀gá wa ń sùn ní ọ́fíìsì, mo tì í sínú àpò. Òótọ́ kúkú ni, a máa ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun. Adákẹ́ ló fà á yọ, ó sì kà á sókè ketekete, torí òfin ni òfin. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, ẹ gbọ́ ọ dáadáa.

Ọ̀gá ilé-ìwé fò dìde láàárín wọn. "Ìwọ lo kọ ọ́. Kó ẹrù ẹ, o ò sí nílé-ìwé yìí mọ́." Ọmọ náà lanu, ohùn ò jáde mọ́. Alágbàfọ̀ gba ìwé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Etí ìwé àwọn ọmọ rí wọ́gọwọ̀gọ, tèmi gún régé, torí rúlà ni mo fi gé e. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n gé ìwé ní wíwọ́, kódà níbi tí mo ti ń hùwà ìkà. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó mọ̀. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ mi, màá sẹ́, ọmọ ni yóò jìyà ẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, sà. Èmi ni mo kọ ọ́."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Olórí ẹ̀ka, ṣé ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ nìyí?"

Mo ní, "Ó jọ ọ́, sà."

Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Èmi alábòsí bá a gbé àpò dé géètì. Ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú okùn yẹn, sà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn tún dákẹ́." Mo tọ́jú okùn lóòótọ́. Òun ni mo fi gba gbogbo oyè tí ẹ ń kà lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́, bí ẹ bá rí ẹni tó mọṣẹ́ jù yín lọ, ẹ lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe bíi tèmi, tí mo lé e tán kí n tó jogún ẹ̀. Mo ti wá a láti bẹ̀ ẹ́, mi ò rí i.

Adákẹ́, ìwọ tí o ti di olùkọ́, tí o fọwọ́ ara rẹ ta okùn yìí fún mi láàárọ̀, wá. Já gbogbo ìyìn yẹn sílẹ̀. Gba ìwé kan yìí. Ọ̀rọ̀ tí Alágbàfọ̀ sọ dípò mi lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ síbẹ̀, orúkọ mi wà lábẹ́ ẹ̀, àlùmọ́gàjí ni mo sì fi gé e. O mọ òfin, ọmọ mi. Kà á sókè.