Mo Fi Àṣírí Ọ̀rẹ́ Mi Ta Òǹkọ̀wé Ará Jámánì Lọ́rẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ títí ẹ ó fi gbọ́ ọ tán. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, gbogbo Sátidé ni ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún máa ń wá kan ilẹ̀kùn fúláàtì mi ní Thamesmead, nílùú London níbí. Á jókòó, kò ní mu tíì, kò ní jẹ bísíkíìtì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi mí: "Auntie, kí ni orúkọ bàbá mi?" Mo mọ orúkọ náà. Èmi nìkan ló sì lè rí bi, nítorí ìyá rẹ̀ ti búra pé òun kò ní dárúkọ náà láyé. Ojoojúmọ́ ni mò ń sunkún, torí pé èmi gan-an ni mo tú ilé ọmọ yìí ká. Kì í ṣe pé mo lọ ṣòfófó ládùúgbò. Ìwé ló tú u ká, ìwé tí èmi fúnra mi kò lè kà títí di òní, nítorí èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́.

Sìdíkátù ni orúkọ ọ̀rẹ́ mi, Sìdí ni mo máa ń pè é. Ọmọ Ìbàdàn ni, èmi jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ilé iṣẹ́ kan ní Woolwich la ti pàdé, níbi tí àwa méjèèjì ti ń nu ilẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí àwọn òyìnbó tó wọlé. Ọmọge ni wá nígbà náà. Ní ìlú tí n kò ti ní ìyá, tí n kò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, òun ni mo ní. Nígbà tí ọkọ mi kọ̀ mí sílẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kó lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń bu oúnjẹ fún mi bí ẹni ń bu fún ọmọ kékeré. Ọkọ rẹ̀, Múfútáù, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, takisí ló ń wà. Ní ọdún kan, bàbá Múfútáù kú ní Ìbàdàn. Ó lọ sílé lọ sin ín, ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí sì dá a dúró síbẹ̀. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni kò fi padà. Kó tó dé, Sìdí ti lóyún oṣù méjì fún ọkùnrin mìíràn.

Kí ni ẹ bá ní kí n ṣe? Ọ̀rẹ́ mi nà gbalaja sí ilẹ̀ ilé mi, ó ní kí n gba òun. A fẹnu kò pé a ó sọ pé oyún náà dé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ padà. Orí bá wa ṣe é, nígbà tí oyún fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn tún pe Múfútáù lọ sílé. Ìgbà tí kò sí nílé ni Sìdí bímọ. Ọmọ tó sanra dáadáa, tó ń ké bí fèrè ọkọ̀! Èmi ni mo pe Múfútáù lórí fóònù pé ọmọ oṣù méje ni, pé inú àpótí gíláàsì ni wọ́n gbé e sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kó dé. Mo lọ sí ọjà Woolwich, mo ra fìlà ọmọlángidi kan, fìlà olówùú yẹ́lò tí etí rẹ̀ jẹ́ gíríìnì. Mo fọ̀ ọ́ léraléra títí ó fi rí bí ohun tí wọ́n ti lò. Nígbà tí Múfútáù dé, mo fi lé e lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ wò ó, fìlà tí wọ́n dé fún un lọ́jọ́ tí wọ́n bí i rèé." Ọkùnrin náà tẹ́ fìlà yẹn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń wò ó, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Kúdírátù ni wọ́n sọ ọmọ náà. Inú agolo tí Múfútáù ń kó pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sí ni fìlà náà wà láti ọjọ́ yẹn, ọdọọdún ló sì máa ń mú un jáde fún Kúdí: "Wo bí orí ẹ ṣe kéré tó. Ọlọ́run ló dá ẹ sí fún mi." Bó bá ti ń sọ ọ́ báyìí, èmi àti Sìdí kì í wo ojú ara wa.

Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà sùn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh lọ́wọ́, mo rí iṣẹ́ ìtọ́jú ilé lọ́dọ̀ obìnrin Jámánì kan létí adágún Thamesmead. Hánà ni kí n máa pe òun, ó kọ̀ jálẹ̀ pé kí n má pe òun ní Mísìs. Iṣẹ́ ẹnjiníà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe ló gbé wọn wá sí London. Òǹkọ̀wé ni Hánà, ìtàn àròsọ ló ń kọ, ṣùgbọ́n abúlé kan ṣoṣo ni gbogbo ìtàn rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn abúlé tí wọ́n bí i sí lápá àríwá ilẹ̀ Jámánì. Ilẹ̀ irà ni wọ́n ní, ó ní wọ́n mọ òkìtì gìrìwò sétí odò kí omi má baà gbé wọn lọ. Ó fẹ́ràn láti máa rìn lórí ògiri tó wà létí odò Thames, á ní ibẹ̀ jọ ilé. Láàárọ̀, màá máa gbọ́ tápíríètà tó fi ń tẹ ìwé rẹ̀, ko-ko-ko, nígbà tí mo bá ń nu kíṣíìnì. Ó sọ fún mi pé bí àwọn ará abúlé òun ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu gan-an lòun ń kọ ọ́, èdè àdúgbò tí àwọn ará ìlú ńlá kì í gbọ́ dáadáa. Àwọn ará agbègbè yẹn ló ń ra ìwé rẹ̀, àwọn náà ló sì ń bú u, nítorí wọ́n ń rí ara wọn nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti kọ̀wé nípa alápatà kan tí gbogbo abúlé mọ̀. Mo bi í pé ṣé kò lè jáwọ́ ni. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ o. Mo fẹ́ràn obìnrin náà. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú òyìnbó, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kí n jókòó, tó da kọfí fún mi, tó sì bi mí pé báwo ni ilé wa ṣe rí. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń gbójú sókè wò mí bí ẹni pé ohun iyebíye ló ń bọ́ lẹ́nu mi. Ta ló ti wò mí bẹ́ẹ̀ rí? Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó sọ àṣírí ìyá rẹ̀ kan fún mi, ó wá ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ohun tó burú jù tí o ti ṣe nítorí ọ̀rẹ́?" Ni mo bá la ẹnu. Mo sọ ti oyún, mo sọ ti àpótí gíláàsì, mo sọ ti fìlà. Nígbà tí mo dé orí fìlà, Hánà fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi pamọ́ fún un, màá sì sọ ọ́ fún yín kí n tó parí.

Lọ́sẹ̀ kejì ó ní, "Ṣé o lè gbà mí láyè kí n kọ ọ́? Abúlé wa ni màá gbé e lọ. Atukọ̀ ojú omi ni màá fi ọkọ rẹ̀ ṣe. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa kọ ọ́. Àbí ta ni nínú àwọn èèyàn wa ló ń ka Jámánì? N kò tilẹ̀ rò ó pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi. Ká sòótọ́, inú mi dùn, ó ń ṣe mí bíi pé ohun tí mo ṣe nígbà èwe mi wá ní láárí.

Hánà àti ọkọ rẹ̀ padà sílé wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, ìwé kan dé láti Jámánì, ó kọ orúkọ mi sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó fọwọ́ sí i. Mo gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n mi kí àlejò lè máa rí i. Sìdí fúnra rẹ̀ gbé e, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Òyìnbó rẹ yìí mà gbìyànjú o!" Mo gbà pé ó gbìyànjú. N kò sì béèrè lọ́wọ́ Hánà rí pé ìtàn wo ló wà nínú rẹ̀.

Àṣé Kúdí ń kọ́ èdè Jámánì ní ilé-ìwé. Ó ku ọdún kan kó ṣe ìdánwò àṣejáde, olùkọ́ rẹ̀ sì ní kí wọ́n máa ka ìwé lóríṣiríṣi. Ó wá kí mi, ó rí ìwé náà. "Auntie, jẹ́ kí n yá eléyìí, jọ̀ọ́." Ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín, kì í lo "ẹ" fún àgbà. Mo lè sọ pé rárá. Mo lè parọ́ pé mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ìwé náà á le jù fún un, pé á rẹ̀ ẹ́ kó tó ka ewé méjì. Mo gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Nǹkan bí oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, ó padà wá. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, agolo pásípọ́ọ̀tù bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì. Kò kí mi. Ó ṣí agolo náà lórí tábìlì mi.

"Auntie, obìnrin kan wà nínú ìwé yìí tó lọ ra fìlà ọmọlángidi lọ́jà. Yẹ́lò ni. Etí ẹ̀ gíríìnì. Ó fi tan ọkọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ jẹ."

Mo ní, "Kúdí, ìtàn lásán ni. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń parọ́."

"Báwo ló ṣe mọ fìlà mi?"

Ó wo ojú mi títí, ó pa agolo náà dé, ó jáde. Mo ń pè é láti orí àtẹ̀gùn, kò wẹ̀yìn.

Sìdí ló sọ ohun tó kù fún mi. Nígbà tí Múfútáù ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún nídìí ìwé. Ó ní kó kà á fún òun. Kúdí ń túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí Gẹ̀ẹ́sì fún bàbá rẹ̀, Sìdí sì dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, kò lè wọlé, kò lè sá. Nígbà tí wọ́n parí, Múfútáù kò pariwo. Ìbéèrè kan ló bi ìyàwó rẹ̀: "Ta ló ra fìlà náà?" Ó dárúkọ mi. Ọkùnrin náà dìde, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ ní Abbey Wood. Kò tíì padà sílé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó pe Kúdí lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ọmọ mi ni ẹ́, n ò ní ọmọ míì." Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gbà pé irọ́ ni gbogbo ohùn tó wà nílé yẹn. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń gbé ní Woolwich báyìí.

Sìdí wá sí ẹnu ọ̀nà mi lọ́jọ́ kejì, kò wọlé, orí ìdúró ló ti ròyìn alẹ́ ọjọ́ náà fún mi. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Mo fi ayé mi sí ẹ lọ́wọ́, o lọ fi ṣe ìwé kíkà fún òyìnbó." Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó ti kó lọ sí Manchester, kò fún mi ní àdírẹ́sì.

Mo kọ lẹ́tà sí Hánà, mo tú gbogbo bí mo ṣe ń bínú síbẹ̀. Ó fèsì kíá. Ó ní òun sunkún, òun tọrọ àforíjì, abúlé tòun náà ti tún kọ̀ òun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí ìwé yìí. Níparí, ó ní, "Báwo ni ọmọ náà wà? Kọ gbogbo rẹ̀ sí mi, má fi nǹkan kan sílẹ̀." Mo ka ìlà yẹn títí. Ṣé àánú ló fi béèrè ni, àbí ó ti tún jókòó sídìí tápíríètà? N kò mọ̀. N kò dá a lóhùn.

Ó wá ku ohun tí mo fi pamọ́ fún Hánà. Ọkùnrin tó fún Sìdí lóyún, àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi kan náà. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé nígbà tó wá kàwé. Èmi ni mo máa ń rán an lọ bá Sìdí ṣe àwọn iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ì bá ṣe. Nígbà tí oyún dé, èmi ni mo tì í sínú ọkọ̀ òfuurufú, mo ní kó má padà wá mọ́. Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe Sìdí nìkan ni mo ra fìlà yẹn fún? Lónìí, àbúrò mi ti di ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀ yẹn náà ló ń wẹ ìyá wa tó ti darúgbó, tó ń fún un lóúnjẹ lójoojúmọ́. Obìnrin tí ara rẹ̀ gbóná ni. Ó ti wí fún ẹbí pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé ọkọ òun ní ọmọ níta ni òun máa lọ. Tí Kúdí bá sì jókòó níwájú mi, tó pè mí ní Auntie bí gbogbo ọmọ ṣe ń pè mí, iwájú orí ìyá mi ni mò ń wò. Ẹ̀jẹ̀ mi ni, kò mọ̀.

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, tí ọ̀rẹ́ bá sọ tinú rẹ̀ fún yín, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbé òpin ayé, ì báà jẹ́ èdè tí ẹyẹ ń sọ ló ń sọ. Ìmọ̀ràn ni mo sì ń tọrọ lọ́wọ́ yín báyìí. Bí mo bá dárúkọ àbúrò mi, ilé rẹ̀ yóò tú, ìyá mi yóò sì jìyà, ọkàn Múfútáù tó ní òun kò ní ọmọ míì yóò fọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ àbúrò mi yóò máa rìn káàkiri Woolwich bí ẹni tí kò ní orírun, á sì wá mọ̀ lọ́jọ́ kan pé mo jókòó tì í, mo mọ̀, mo panu mọ́. Ó dá mi lójú pé n kò ní lọ láìṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo wọn, ta ni kí n ṣẹ̀?