Àbúrò Mi Àṣí àti Àlùkùránì Bàbá Olóbì

Ẹ jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì kéré, tí mo lè sáré láti ilé dé odò láì mí hẹlẹhẹlẹ… tákàdá ṣọ̀wọ́n. Ẹ gbọ́? Ó ṣọ̀wọ́n! Ẹ̀yin tí ẹ ń fa ìwé iléèwé yín ya láti fi di ẹ̀pà. Nígbà tiwa, àwọn Haúsá ló ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rù ú wá, wọn á gba Pàràkú kọjá kí wọ́n tó kàn wá níbí, ní Tchaourou. Òyìnbó kankan ò tíì débí nígbà náà.

Bàbá wa, àgbẹ̀ ni. Iṣu ló ń gbìn. Ṣùgbọ́n àlùfáà ni pẹ̀lú, ọwọ́ rẹ̀ sì dára nínú ìwé kíkọ. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tó dé láti oko, á fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́, á jókòó lórí awọ àgbò, á máa kọ Àlùkùránì. Gbogbo wa la jọ ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Yàtọ̀ sí tákàdá, kí la ń wá lọ síta? Gbogbo ẹ̀ ló wà nílé. Ìyá wa á ha dúdú ìdí ìkòkò, á fi oje igi pò ó, ó di tàdáà nìyẹn. Osùn fún pupa. Ẹlú fún àwọ̀ aró. Ata ilẹ̀ pupa fún àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n. Èèpo ẹyin ẹtù la ń po wọ́n sí, a ó wá jẹ orí pákò títí á fi rọ̀, òun la fi ń kun ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ìyá á máa pariwo:

"Ẹ má jẹ́ kí osùn kan ẹlú o! Ẹ ó sọ ìwé Ọlọ́run di aṣọ aláró!"

Àh, ó dùn. Ó dùn, ẹ̀yin ọmọ.

Mo ní àbúrò kan, obìnrin, Àṣíátù. Àṣí la ń pè é. Ibà kan mú un nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ibà náà lọ, ó sì gbé etí rẹ̀ lọ. Kò gbọ́ràn mọ́, ọ̀rọ̀ tó ti ń kọ́ sọ náà sì parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí àwa yòókù bá ń ké kéú lọ́dọ̀ bàbá, Àṣí á jókòó, á máa wo ẹnu wa… ẹnu wa ṣáá.

Bàbá máa ń fún un ní etí tákàdá, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá gé kúrò. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yìí ń fi ṣe! Á ká a di ẹyẹ. Á fi abẹ gé e di ìràwọ̀, á fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igbá, á kùn ún. Obìnrin Fúlàní kan tó ń kiri wàrà láti ọ̀nà Aláfíárù fún un ní wàrà kún igbá, nítorí ẹyẹ tákàdá kan péré. Wàrà kún igbá!

Ó wá di ọdún kan, Bàbá Olóbì dé. Oníṣòwò obì ni, Pàràkú ló ń gbé, ó ti dàgbà. Ó gbé ìdì tákàdá kalẹ̀ níwájú bàbá wa.

"Àlùfáà, ẹ bá mi kọ Àlùkùránì. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kà kí n tó kú. Bí a bá túnu ààwẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, màá wá gbà á."

"Bí Ọlọ́run bá fẹ́," ni bàbá wí.

Bàbá kọ ọ́ dé ìdajì. Ni mo bá rí i pé ó ń ti gègé bọ ẹ̀gbẹ́ ìgò tàdáà, kò bọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì. Awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni kó ṣe sọ ọ́? Tákàdá oní-tákàdá wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó mú tákàdá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìkọ̀wé wà lára rẹ̀ lórí ẹní, ó gbé e sún mọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi kàn án.

"Sàlámátù, ìgbà wo ni mo kọ eléyìí?"

Èmi ni Sàlámátù yẹn. Mo wò ó. "Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Àṣí ni."

Bàbá fa Àṣí mọ́ra, ó ń fọwọ́ kan àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò rí wọn rí. Ìyá wa ní, "Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀, báwo ló ṣe máa kọ ọ̀rọ̀?" Bàbá ní, "Ojú àti ọwọ́ la fi ń kọ̀wé, ìyá Sàlámátù. Kì í ṣe etí."

Báyìí ni Àṣí ṣe bẹ̀rẹ̀. Á gbé Àlùkùránì àtijọ́ bàbá síwájú, á máa wò ó kọ. Bó bá parí ojú ewé kan, èmi á kà á sókè, bàbá á máa gbọ́, nítorí pé ó ti há Àlùkùránì sórí látòkè délẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà, màá tọ́ Àṣí léjìká, a ó tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Inú bí mi. Èmi ni mo mọ kéú! Ṣùgbọ́n bí èmi bá kọ̀wé, ipa ẹsẹ̀ adìẹ nínú ẹrẹ̀ ni. Àṣí, Àṣí, lójoojúmọ́… Lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ fo ìlà kan. Odindi ìlà kan. Mo rí i. Mo ka ìlà yẹn jáde bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Bàbá mirí, ó ní, "Ó dára."

Nígbà tí mo gbé omi àlùwàlá fún bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnu mi là fúnra rẹ̀.

"Bàbá, ìlà kan ò sí níbẹ̀. Mo kà á bí ẹni pé ó wà."

"Kí ló dé?"

"Orúkọ Àṣí lẹ ń pè ṣáá. Ẹ ò pe tèmi mọ́."

Mo ń retí ẹgba. Bàbá ò nà mí. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Sàlámátù, ojú rẹ ni mo fi ń ríran báyìí. Bí ojú mi bá purọ́ fún mi, ibo ni mo máa gbà?" Ó wá pe orúkọ mi, ó tún un pè, jẹ́jẹ́. Mo sunkún.

A fi omi fọ ojú ewé náà kí Àṣí lè tún un kọ pẹ̀lú ìlà tó fò, ṣùgbọ́n àbàwọ́n kún ara tákàdá náà. Àṣí rò pé òun ló jẹ̀bi. Ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu omi ojú mi… òun tí mo ṣẹ̀! Ó wá po ẹlú, ó kun gbogbo ibi tó bàjẹ́, ó fi osùn tẹ èso kéékèèké sí i. Nínú gbogbo ìwé yẹn, ojú ewé yẹn ló rẹwà jù.

A túnu, Bàbá Olóbì dé. Ó ń ṣí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá sọ fún un pé, "Ọwọ́ mi dé ìdajì. Ìyókù, ọmọ mi obìnrin ló kọ ọ́. Adití ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà. "Àlùfáà! Adití? Àlùkùránì?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé kí n wá purọ́ lé ìwé Ọlọ́run lórí ni?"

Wọ́n gbé e lọ fún Lèmọ́mù ìlú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kà á. Ó dá a padà, ó ní òun rí àṣìṣe méjì. Ọkàn mi já! Ó ní, "Ìdajì ìṣáájú ni méjèèjì wà." Ti bàbá nìyẹn! Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Bàbá Olóbì fẹ́ gbé ìwé rẹ̀, Àṣí dì í mọ́ àyà, kò fi sílẹ̀. Arúgbó yẹn wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó nawọ́ sí ojú ewé aláró yẹn, ó gbé ojú sókè bí ẹni ń bi í pé báwo lo ṣe ṣe é? Àṣí fà á lọ́wọ́ lọ sí ìdí ààrò, ó ń fi hàn án: osùn rèé, ẹlú rèé, èèpo ẹyin rèé. Oníṣòwò ńlá lórí ìkúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò! Nígbà tí wọ́n jáde, Àṣí fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin yẹn sì fi gbogbo tákàdá tó ṣẹ́kù sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí Àṣí tó wọlé ọkọ, àgbẹ̀ kan ní Gòrò ló fẹ́ ẹ, ènìyàn jẹ́jẹ́. Oyún kẹta ló pa á. Kò darúgbó… Èmi tí mo ṣe é níbi, tí mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ rí, èmi ló kù tí mo ń jẹun.

Lónìí, tákàdá pọ̀, ọwọ́ ń kánjú. Ẹ ń kọ̀wé bí ẹni tí ejò ń lé. Kò burú, ayé yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí owú bá mú yín sí ọmọ ìyá yín, ẹ gbọ́, ẹ tètè sọ ọ́ síta kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ẹ máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kì í dúró títí.

Ó tó. Ẹ fà mí dìde, oòrùn ti dé ibi tí mo jókòó sí.