Ohun Tí Ẹnìkan Béèrè Lẹ́ẹ̀kan

Ìkirè ni mo ti ń dúró de ọkọ̀ Àpòmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń ta dòdò, nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kan, wá jókòó tì í, tó sì mí kanlẹ̀.

"Màámi, ẹ̀rọ wa fẹ́ kú. Ohunkóhun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń kó ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sínú díìsìkì, kí ẹlòmíì tó bá béèrè lè tètè rí i. Ẹrù ti wá pa díìsìkì. Ńṣe ló ń wọ́ bí ìgbín."

"Títí kan èyí tí ẹnìkan ṣoṣo béèrè?"

"Gbogbo ẹ̀ mà ni. Ó tún ń kọ orúkọ ẹni tó béèrè sílẹ̀."

"Ta ló rán an níṣẹ́? Bí mo bá ń gbé gbogbo dòdò wọ yàrá, tí mo tún ń kọ orúkọ oníbàárà, ọkọ̀ wo ló máa dúró dè mí? Èyí tí wọ́n ń béèrè ṣáá, àwo iwájú ló ń wà. Ohun tí ẹnìkan béèrè lẹ́ẹ̀kan, fún un kó máa lọ. Má gbé e wọ yàrá."

Ọmọ náà yọ fóònù, ó tẹ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó wá rẹ́rìn-ín.

"Èmi tí mò ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù ńkọ́?"

Ìyá náà tọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn tó wà lórí itan rẹ̀, ó fa dòdò kan tó ti wé séwé yọ.

"Gbogbo Sátidé ni mò ń di tìẹ sílẹ̀. Bóo wá, bóo ò wá."