Fóòmù Tí Mo Fọ̀ Lọ́jọ́ Ẹtì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ẹni tó ń kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn láàbù yẹn dúró. Lẹ́tà tí ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kọ sí mi dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ajé, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe ìpàdé, kí ẹ tẹ ìwé ìrántí fún mi, kí ẹ sì fi orúkọ mi sọ yàrá tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ òkun, nítorí pé èmi ni mo fi ìfẹ́ òkun sọ́kàn àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa. Ìyàwó mi kà á tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó káàkiri pálọ̀. Èmi ò bá a jó. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti rin ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó pe èèyàn jọ lé mi lórí, ẹ gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi ṣe nínú yàrá yẹn. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tí ẹ ṣì fẹ́ kọ orúkọ mi, á jẹ́ pé ẹ̀yin náà ní ẹ̀bi tiyín lára.

Ẹ̀kọ́ ohun alààyè ni mo kọ́ yín. Ọ̀gá Ewé ni ẹ ń pè mí lẹ́yìn, ẹ rò pé mi ò gbọ́. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé ọdún méje ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, mo kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí a dá kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀ lórí ìmọ̀ òkun fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà. Ìrìn wákàtí kan péré ni òkun sí wa nínú ọkọ̀, àwọn ọmọ wa ò sì mọ̀ ju kí wọ́n lọ wẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n sì padà wálé. Ojú ìwé mọ́kànlélógún ni mo kọ. Ọ̀gá gbà á, ó ní, "A máa wò ó." Ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, wíwò tó wò ó mọ nìyẹn. Ọdún keje ni ọmọbìnrin kan dé, olùkọ́ tuntun, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì bọ̀. Kò tíì lo sáà kan tán tó fi kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí ohun kan náà, ọ̀gá sì fọwọ́ sí i kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ojú ìwé mẹ́rin! Mo kí i kú oríire níwájú gbogbo olùkọ́, mo tilẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú mi, mo sì ń tu itọ́ funfun jáde.

Ẹ jẹ́ kí n pe nǹkan náà lórúkọ rẹ̀. Owú ni. Owú jẹ mí títí mi ò fi mọ adùn oúnjẹ mọ́. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú ẹgbẹ́ ọgbà ewéko tèmi, ó ku ẹni mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ń wá nítorí pé ilé wọn ò jìnnà. Àǹtí Òkun ni ẹ sọ ọ́. Ògiri kan ló wà láàárín kíláàsì mi àti láàbù, gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú sì ni mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín yín láti ibẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa gbòǹgbò, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ̀rọ̀ sókè, ẹ tún rẹ́rìn-ín. Mo gbé àga mi lọ sí ìdí fèrèsé kí n má baà gbọ́, kí ni mo tún ṣe? Mo gbé e padà sí ìdí ògiri kí n lè gbọ́ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni owú ṣe máa ń ṣe aláìsàn rẹ̀. Nílé, ìyàwó mi bojú wò mí lórí oúnjẹ, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ọmọbìnrin yìí ti bá wa jẹun láràárọ̀, ó ti bá wa jẹun lálaalẹ́. Ṣé kí n máa bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ ni?" Mo bínú sí i. Òtítọ́ ló sọ.

Àǹtí Òkun ra àpótí gíláàsì ńlá kan sí láàbù, ó gùn tó tábìlì ìjẹun. Omi òkun gidi ni ẹ̀ ń fi kẹ́ẹ̀gì bù wá sínú rẹ̀. Akàn kéékèèké wà níbẹ̀ tí ń gbé inú ìkarahun ìgbín òkun, ìràwọ̀ òkun márùn-ún, ẹ̀dá omi tó rí bí ìràwọ̀, wà níbẹ̀, àti àwọn ẹja aláwọ̀ iyùn tí kò ju ìka lọ. Nídìí àpótí náà ni pọ́ǹpù wà, fóòmù dúdú kan sì wà nínú rẹ̀ tí omi ń gbà kọjá. Mo gbọ́ nígbà tó ń kọ́ yín nípa fóòmù yẹn. Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi, fóòmù yìí ni ọkàn àpótí náà. Àwọn kòkòrò tójú ò lè rí ń gbé inú rẹ̀, àwọn ló ń jẹ oró inú ìgbẹ́ ẹja. Oṣù méjì gbáko la fi dúró kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ o! Bó bá dọ̀tí, inú omi àpótí ni kẹ́ ẹ ti fún un lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ dá a padà." Ẹnì kan béèrè pé, "Àǹtí, tá a bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ múra ìsìnkú nìyẹn." Ẹ tún rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ́ nípa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí i, èmi sì nìyí, mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri bí ẹni tó jí ẹ̀kọ́ gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé àwọn aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà, á di ti ọdọọdún, Àǹtí Òkun á sì di olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Ipò tí mo ti ń retí láti ìgbà tí irun mi ti dúdú nìyẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí pápá láti wo eré ìje. Mo ní orí ń fọ́ mi. Mo wọ láàbù ní agogo méjì ọ̀sán, oòrùn mọ́lẹ̀ rekete, kò sí ẹni tó ń lé mi. Mo yọ fóòmù náà. Mo gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, mo da kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ láàbù sí i, mo sì fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ aṣọ ìgbéyàwó. Mo ṣan án lẹ́ẹ̀mẹrin kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Mo dá a padà. Ìràwọ̀ òkun kan lẹ̀ mọ́ gíláàsì ní iwájú mi gan-an, mo sì yí ojú kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ máa sọ pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹ má gbà mí sílẹ̀. Nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, èmi àti Àǹtí Òkun nìkan la mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró, ẹja lásán ni ǹ bá máa sunkún lé lórí lónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà nínú yín tí ẹ ń pè ní Ìyá Ẹja, ọmọ aránṣọ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ àfi bó bá dúró nídìí àpótí yẹn. Òun ni ìtọ́jú kàn lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tí mo dé láàbù ṣáájú gbogbo èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo nǹkan ti kú. Omi ti funfun bí omi ìrẹsì. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lórí tábìlì, mo sì rí ìwé ọwọ́ ọmọ náà: "Ọjọ́ Ẹtì, agogo mẹ́rin. Mo fún wọn lóúnjẹ. Ìràwọ̀ òkun kan já bọ́, mo gbé e padà sórí òkúta. Fóòmù mọ́ ju ti àárọ̀ lọ, ó sì ń rùn díẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó fọ̀ ọ́. Màá sọ fún Àǹtí." Àǹtí ti lọ sílé kó tó rí i. Mo fa ojú ìwé náà ya, mo rún un, mo fi sápò.

Ọmọ náà dé, ó figbe ta. Àǹtí Òkun dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ náà ń wí pé, "Àǹtí, mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ nípa fóòmù!" Wọ́n ṣí ìwé, wọn ò rí nǹkan kan. Síbẹ̀, Àǹtí Òkun ò dá a lẹ́bi. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù wá lọ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wádìí ẹ̀, orí mi ti dàrú." Èmi ló pè o! Èmi ló fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́. Mo ní kí ọmọ náà dìde dúró níwájú gbogbo kíláàsì. Mo bi í pé, "Ṣé o fọwọ́ kan omi yìí lọ́jọ́ Ẹtì?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, mo gbé ìràwọ̀ òkun kan." Mo ní, "Na ọwọ́ rẹ." Ó nà á. Mo gbóòórùn rẹ̀, ìpara olóòórùn dídùn ni. Mo ní, "Ṣé ìpara yìí lo fi pa ọwọ́ lọ́jọ́ Ẹtì náà?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, màmá mi ló rà á fún mi." Mo mi orí bí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ká lára, mo ní, "Ó parí. Òróró àti kẹ́míkà inú ìpara yìí ló pa wọ́n. Ọmọ mi, o ò mọ̀ọ́mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ló ṣe é." Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọlé sínú ojú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ méjèèjì bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti ń jiyàn tẹ́lẹ̀, kò tún jiyàn mọ́. Ó gbà mí gbọ́.

Ìyá rẹ̀ wá bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ má lé e, èmi ni mo ra ìpara." Wọn ò lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò. Àwọn aṣàyẹ̀wò bá àpótí òfìfo, wọ́n ní olùkọ́ náà ò lè bójú tó nǹkan, wọ́n gbé Àǹtí Òkun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, wọ́n sì gbé kọ́ọ̀sì náà lé mi lọ́wọ́. Mo yọ ojú ìwé mọ́kànlélógún mi jáde. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ọ, òun lẹ sì ń torí rẹ̀ yìn mí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín rí nínú kíláàsì mi?

Mo rò pé mo ti rí èyí tó burú jù nínú ara mi. Mi ò tíì rí i. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, obìnrin tó wà lẹ́yìn kaúńtà sì kúnlẹ̀ kí mi. Ìyá Ẹja ni. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ó ní òun ti bímọ, ọmọ náà pé mẹ́fà, ó sì ń yọ òun lẹ́nu pé kí òun ra ẹja sínú gíláàsì fún un. Ó ní, "Mo ní rárá, sà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ mi ò dáa fún nǹkan abẹ̀mí." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, mi ò ráyè bẹ̀ yín dáadáa nígbà yẹn. Ẹ dákun, ṣé ẹ ti dárí jì mí?" Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo ní, "Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Mo ti dárí jì ọ́." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó yọ díẹ̀ nínú owó oògùn náà fún mi. Ìdáríjì tó yẹ kí n tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo fi ta á lọ́rẹ, mo sì gba ọpẹ́ lé e.

Láti ọjọ́ náà, mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mejì láti jẹ́wọ́. Oògùn ikọ́ ni mo rà bọ̀ nígbà àkọ́kọ́, báńdéèjì nígbà kejì. Mo kọ̀wé sí Àǹtí Òkun, tó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Èsì rẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: "Mo ti kà á. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn." Kò kí mi, kò sì bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Lẹ́tà yín dé lẹ́yìn ìyẹn, mo sì rí orúkọ ọmọ náà nínú àwọn tó dá owó sí ìwé ìrántí mi. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín. Ẹ má fagi lé ìpàdé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá, kí n dìde dúró níwájú gbogbo yín bí mo ṣe ní kó dìde, kí n sì ka ìwé yìí fúnra mi. Gbangba ni mo ti dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ẹni tí ojú ìwé mẹ́rin rẹ̀ ju mọ́kànlélógún yín lọ, ẹ lọ jókòó sí kíláàsì rẹ̀. Ǹ bá ti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú yín.

Ìwọ ọmọ aránṣọ, mi ò ní kí o dárí jì mí lọ́jọ́ yẹn. Bí o bá fẹ́ bínú títí mo fi kú, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o mú kúrò níbẹ̀. Ìpara rẹ ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Fóòmù tí o kọ nípa rẹ̀, bí o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí, mo sì mọ ẹni tó fọ̀ ọ́. Kì í ṣe ìwọ. Èmi ni.