Pásíwọ́ọ̀dù Nọ́ọ̀sì Bọ́lá

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Bí bàtà wọ́dà bá ń bọ̀, àyà mi a já. Bó bá kọjá, inú a tún bí mi pé kò dúró. N kò lè jókòó, n kò lè sùn. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ti rí.

Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òkìtìpupa. Mẹ́rin ni wọ́n, irú tí wọ́n ń pè ní Yúníìsì ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bí ọmọ ọlọ́pọ̀ ìyàwó ni wọ́n rí: ìwà ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Pásíwọ́ọ̀dù mẹ́rin ni nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń há sórí.

Ọ̀gá wa ní, "Jàre, jẹ́ kí ẹyọ kan máa ṣí gbogbo ẹ̀."

Mo ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí tó gbó jù nínú wọn kò mọ ọ̀nà tuntun tí àwọn yòókù fi ń bo pásíwọ́ọ̀dù kí ẹnikẹ́ni má baà lè kà á. Mo bá kọ ti gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀ láìbò, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè kà á. Èmi náà sì lè kà á.

Mo wo ti Bọ́lá, nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ fi ṣaya. Ṣebí wíwò lásán ni! Ohun tí ojú ń wá lojú ń rí: "ayodele" ni mo bá níbẹ̀. Tìṣà kan láti Ìrẹ̀lẹ̀ tí ọ̀kadà gbé ṣubú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́ọ̀dù Bọ́lá ló sì wà.

"Bọ́lá, kí ni Tìṣà yẹn jẹ́ sí ẹ?"

"Aláìsàn mi ni, Bọ̀dá. Kí ló dé?"

"Kò sí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Owú mú mi. Mo ń jáde, mo ń wọlé.

Wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì Tìṣà lórí kọ̀ǹpútà pé abẹ́rẹ́ pẹnisílínì lè pa á. Mo fi pásíwọ́ọ̀dù Bọ́lá wọlé, mo pa ìlà náà rẹ́. Ẹ má dá èṣù lẹ́bi, ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Tìṣà ń sùn nígbà tí dókítà tuntun yẹ fáìlì wò, kò rí nǹkan kan, ó gún un. Tìṣà kú kí ìyàwó rẹ̀ tó gbé oúnjẹ ọ̀sán dé.

Orúkọ Bọ́lá ni kọ̀ǹpútà dá pé ó pa ìlà náà rẹ́. Ọlọ́pàá mú un. Mo dákẹ́ fún oṣù mẹ́rin gbáko.

Ní kóòtù, lọ́yà bi í pé, "Kí ló dé tó jẹ́ orúkọ òkú ni pásíwọ́ọ̀dù rẹ?"

Ó dáhùn pé, "Aládùúrà ni mí, sà. Orúkọ ẹni tí mo bá ń gbààwẹ̀ fún ni mo máa ń fi sí i, kí n lè gbàdúrà nígbàkigbà tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó Tìṣà ló bẹ̀ mí." Ó nawọ́ sí mi. "Orúkọ Bọ̀dá yẹn ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn."

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. "Èmi ni! Ẹ tú u sílẹ̀!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ ilé onílé sí yín lọ́wọ́, ẹ má ṣí yàrá tí wọn kò rán yín sí. Bí ẹ bá sì ti ṣí i, tí ẹ rí ohun tó dùn yín, ẹ la ẹnu. Bọ́lá bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni, Tìṣà ì bá jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀.