Omi Tí Mo Dà Nù Nínú Ìgò Àyẹ̀wò Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi kí ẹ tó kà á tán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Mo pa irọ́ nípa àìsàn tó pa á, ìyàwó rẹ̀ ni irọ́ náà sì ń fìyà jẹ láti ìgbà náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nílé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè sùn mọ́.

Ará Ọ̀ṣun ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ wá sí Ibafo, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Òun ló mú mi wá, òun ló wá ọ̀gá fún mi ní Mowe, níbi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Kò mu sìgá rí láyé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bọ́lá, ń yan ẹja tà lẹ́yìnkùlé wọn, àwọn èèyàn sì ń ti Ọ̀fàdà wá rà á.

Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀. A pè é ní ikọ́ lásán títí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá itọ́ jáde. Ní ọsibítù ńlá kan l'Ékòó, wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n mú díẹ̀ nínú ẹran tó ní jẹjẹrẹ náà. Ọwọ́ mi ló dì mú. Mi ò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà ọkùnrin ké báyẹn rí.

Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ara máa ń ránṣẹ́ síra wọn, pé àwọn purotéènì kan ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n á ní kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà, wọ́n á ní kó dúró.

"Nínú jẹjẹrẹ yìí," ó ní, "ọ̀kan lè wà tí kì í dákẹ́. Á kàn máa pariwo pé dàgbà, dàgbà, láìsí ẹni tó rán an. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó tètè ràn dé egungun, dé ọpọlọ."

Ó ní bó bá jẹ́ irú kan, oògùn oníhóró ti wà tó lè pa á lẹ́nu mọ́, èèyàn á sì lè pẹ́ sí i. Ó ní lára àwọn tí kì í mu sìgá ni wọ́n ti sábà máa ń rí irú yẹn.

Ó wá gbé ìgò kékeré kan, tí ẹran náà wà nínú omi rẹ̀, lé mi lọ́wọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹbí aláìsàn ló máa ń fúnra wọn gbé e lọ síbi àyẹ̀wò. Ìbàdàn ni kí n gbé e lọ, wọ́n á ti ibẹ̀ fi ránṣẹ́ sókè òkun, kí wọ́n lè mọ irú tó jẹ́. "Má jẹ́ kí omi inú ẹ̀ dànù o," dókítà wí. "Òun ni ò jẹ́ kó bàjẹ́."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ìdérí ìgò náà ò le, ó ń jò. Òórùn rẹ̀ ń ta èèyàn lójú nínú mọ́tò, àwọn èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Mowe. Oníbàárà mi kan ti ń pè mí pé òun fẹ́ gba jẹnẹrétọ̀ òun kí òun tó lọ sí ìsọ́ òru ní Káńpù ìjọ wọn. Mo ní Ìbàdàn ò sá lọ. Mo da omi olóòórùn náà sí gọ́tà, mo ṣan ìgò, mo já píọ́ wọ́tà sínú rẹ̀. Lójú tèmi, mo tún un ṣe ni. Ọjọ́ Ajé ni mo tó gbé e lọ.

Obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi ṣí i, ó fọwọ́ bo imú. "Ta ló da omi ẹ̀ nù?" Ó ní ẹran náà ti jẹrà, kò sí ohun tí wọ́n lè rí lára rẹ̀ mọ́. Ó ní kí n lọ gba òmíràn wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mo ro abẹ́rẹ́ yẹn. Mo ro bí mo ṣe máa sọ fún ẹni tó sọ mí dèèyàn pé kó tún lọ dùbúlẹ̀ fún un nítorí àìgbọràn mi. Ojú tì mí. Mo délé, mo ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, irú tí kò ní oògùn ni, dókítà ní ká máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Ìyá Bọ́lá bi mí pé kí ló fà á. Ó yẹ kí n ní mi ò mọ̀. Mo fẹ́ kí irọ́ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo bá ní wọ́n sọ pé èéfín ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó wó ààrò tó fi ń yan ẹja.

Àìsàn náà dé egungun ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi láàárín oṣù díẹ̀. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé wọ́n wò ó dáadáa?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀dá mi." Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú. Ó lè má jẹ́ irú tó ní oògùn. Mi ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé, èmi ni mo fà á.

Ìyá Bọ́lá kó lọ sí Ìfọ̀, ọṣẹ ló ń tà níbẹ̀. Adúmáadán ló ń pè mí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Lọ́jọ́ Àìkú tí mo wí yẹn, ó kúnlẹ̀, kò dìde.

"Adúmáadán mi, ẹ bá mi bẹ ẹbí. Èéfín ẹja mi ló pa ọmọ yín. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé èmi ni mo pa bàbá wọn."

Mo la ẹnu láti sọ òtítọ́. Ohun tó jáde ni pé, "Ẹ dìde, Ìyá Bọ́lá. Ẹbí ti dárí jì yín."

Ó sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi.

Mo fẹ́ lọ bá a ní Ìfọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe máa dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí mo ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ èmi fúnra mi jì?